Ẹsẹ̀ Ni àbí Ẹ̀ṣẹ̀?

"Ẹsẹ̀ ni, Màmá Èyítáyọ̀! Ẹ fetí sí i dáadáa, Mà. Ẹsẹ̀!"

Bùsáyọ̀ tún tẹ rímóòtù, orin náà sì padà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin akọrin tí wọ́n há ara wọn mọ́ páálọ̀ rẹ̀ ní Ayégbajú na ọrùn sí ẹ̀rọ DVD bí ẹni tí ń retí kí ó bímọ. Ohùn olórin jáde, ó ń hó ṣàà bí ìgbà tí ata bá bọ́ sínú epo gbígbóná. Ó ní Jésù ti fọ nǹkan kan fún òun, ṣùgbọ́n ibi tó ti yẹ kó dárúkọ nǹkan ọ̀hún gan-an, ọ̀rọ̀ náà yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí òrí.

"Ẹ̀ṣẹ̀ lèmi gbọ́," ni Ìyábọ̀ wí. Òun ni gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Èyítáyọ̀, òun sì ni àgbà nínú àwọn tí ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. "Ta ni yóò jókòó tí yóò dá odidi orin nítorí ẹsẹ̀? Ìkórè là ń lọ, a ò lọ tajà bàtà."

Ẹ̀rín sọ nínú páálọ̀. Bùsáyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti gbé ijó ka orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí: wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á fi ọwọ́ ra ọrùn ẹsẹ̀, wọn á dìde, wọn á yí po. Ó ti fi ijó náà yangàn fún ìyàwó àlùfáà.

"Ṣé Jésù ò fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni?" ó bèèrè.

"Ó fọ̀ ọ́. Tèmi ò dọ̀tí, orúnkún sì ń dùn mí."

"Bí ẹ ò bá lè jó o, Mà, ẹ lè jókòó sílé."

Bùsáyọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́, ẹyin ni, kò ṣeé kó. Ìyábọ̀ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ ulé mi."

Gbogbo àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ tò tẹ̀ lé e jáde bí ọmọ adìyẹ. Àwọn tó kù gbìyànjú láti kọ orin náà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Wọ́n tú ká.

Akínlolú ọkọ Bùsáyọ̀ jáde láti yàrá. Òun ló ra DVD náà ní Àkúrẹ́, òun náà ló ra àwo MP3 tó wà nínú rẹ̀, tí orin orí rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. "Àwo kan ṣoṣo!" ló máa ń wí fún àlejò, á sì gbé e sókè kó tàn yinrin.

"Ẹ̀rọ mi ò ní àléébù kankan," ó wí. Ó gbé etí lé sípíkà, ó di ojú. "Ó ti yé mi. Ẹṣin ni. Jésù fọ ẹṣin mi."

Inú ń bí Bùsáyọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdó, sí ìsọ̀ Wálé tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì lọ́nà ọsibítù ńlá. Ó gbé àwo náà lé e lọ́wọ́, ó sì ròyìn ìjà.

Wálé rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ wo bí orin inú àwo yìí ti pọ̀ tó! Ẹni tó ṣe é ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè gbà. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fún ewúro? Tẹ́ ẹ bá fún un díẹ̀, ó dùn. Tẹ́ ẹ bá fún un jù, adùn bá omi lọ, ẹ wá ń jẹ háríhá. Ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ. Èyí tó rọra wà lábẹ́ náà a tẹ̀ lé e."

"Kì í wá ṣe DVD wa ló bàjẹ́?"

"DVD ò mọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń kà."

Ó wá inú káńtà, ó fa kásẹ́ẹ̀tì olórin náà gan-an yọ, ó fi sí rédíò ńlá kan. Orin náà jáde, ó mọ́ gaara bí omi àpáta. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kò sí àní-àní níbẹ̀. Ojú ti Bùsáyọ̀ níwájú àwọn páálí kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ ohùn olórin, ohùn obìnrin kan ń rìn bọ̀, ó nípọn, ó ń fèsì gbogbo ìlà. Bí ti òkè bá ké, tìsàlẹ̀ a rọra gbà á mọ́ra. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń fi DVD kọ́ orin náà, Bùsáyọ̀ ò gbọ́ ohùn yìí rí. Ó ní kí Wálé dá a padà sẹ́yìn. Ó tún ní kó dá a padà, ó sì ra kásẹ́ẹ̀tì náà.

Lójú ọ̀nà, èrò kan wá sí i: ta ló bá a dé Ìdó? Bó bá ní ìsọ̀ wà ní títì, ta ni yóò já a nírọ́? Kó kàn ju kásẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ àpótí, kí ijó máa lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kọ̀, kò kúrò létí rẹ̀. Nígbà tó dé Ayégbajú, ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ti pa tì, ó ra bátìrì sí i, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí oko Ìyábọ̀ lọ́nà Àsin.

Ó bá a lábẹ́ igi ọsàn, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

Ìyábọ̀ ò gbójú sókè. "Ìwọ rèé? Ṣé ẹsẹ̀ ló gbé ọ wá ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bùsáyọ̀ kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Méjèèjì ni, Mà. Ẹ̀ṣẹ̀ lorin yẹn wí, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìyábọ̀. "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó o gbọ́ ọ?"

"Èmi àti ẹni tó ń tà á."

"O ò bá sì ti dákẹ́."

"N bá dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ nǹkan tí àwo wa gbé mì."

Ó tẹ rédíò. Ohùn ìsàlẹ̀ náà jáde sábẹ́ igi ọsàn. Ìyábọ̀ gbọ́ ìlà kìíní, ó gbórí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ìlà kejì fi dé, ètè rẹ̀ ti ń bá orin náà lọ.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ipò tiyín ni, Mà. Láìsí yín, kò sí orin."

Ìyábọ̀ gbọ́ orin náà dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ijó tó o ti kọ́ wọn ńkọ́?"

"A máa pa á tì."

"Rárá o! Kí àwọn tórúnkún wọn ṣì le máa jó o. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ó fi ẹnu ọ̀bẹ na ilẹ̀. "Dìde ńbẹ̀, èèpo ń ba aṣọ rẹ jẹ́. Dá orin náà ká gbọ́."

Bùsáyọ̀ fẹ́ ya ẹnu, ó tún pa á dé. Láti ìgbà tó ti di olórí akọrin, òun ló ń dá gbogbo orin.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a, Mà," ó wí. "Lónìí, àti lọ́jọ́ ìkórè."

Ìyábọ̀ wò ó títí. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì dá a. Bùsáyọ̀ mú ẹ̀gẹ́ kan nínú òkìtì, ó jókòó sílẹ̀ láàrin wọn, ó sì ń gbe orin náà.