Ọ̀nà Tí Sànní Dí

Sànní ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni, ìyàwó ilé kì í sì pe irú wọn lórúkọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, màá pè é.

Oko iṣu rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ ní Manigri. Àárín oko náà ni ọ̀nà Bassila gbà kọjá, àwọn èrò ọ̀nà a sì máa wa iṣu rẹ̀ jẹ. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe ti olóko. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹni tí ọ̀nà gba oko rẹ̀ kọjá ló ń ro ọ̀nà náà, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ ké sí ọ̀nà kó tó sun igbó. Á ké, á fetí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn, iná á dúró dè é.

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ gbúròó àwọn ọmọ ogun Faransé lágbègbè wa, Sànní gé igi ẹlẹ́gùn-ún, ó fi dí ọ̀nà. Ó ní kí gbogbo ayé máa gba apá odò, tó jìn gan-an. Mo lọ bá a.

“Ọkọ mi, ìhà tiwa nìkan lẹ dí. Àwọn tó ń bọ̀ láti Bassila ńkọ́?”

“Bí wọ́n bá rí ẹ̀gún, wọ́n á padà. Fi mí sílẹ̀ jàre, ìyàwó.”

Lọ́jọ́ ọjà Bassila, Salamatou aya rẹ̀ gbé òrí lọ tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá Sànní létí oko pẹ̀lú ògúnná. N kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ ò ní ké ni?”

“Kí n ké sí ta? Ọ̀nà ti dí.”

Ó tiná bọ koríko. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín bo oòrùn, àwọn àṣá sì ń yí lókè, wọ́n ń retí ohun tí iná máa lé jáde. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi ké nínú iná.

“Salamatou,” ni Sànní wí. Ó ń fi ọwọ́ lásán fa ẹ̀gún tu, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n iná kò jẹ́ kó ráyè kọjá. Ó ké, ohùn náà dáhùn. Ó tún ké, ohùn náà tún dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún.

Ìgbà náà ni Salamatou yọ láti apá odò, igbá rẹ̀ lórí, eruku lẹ́sẹ̀. Ó ti gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀nà jíjìn ló gbà. Sànní dì mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Salamatou ń wo èéfín.

“Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

A ò mọ̀. Obìnrin inú iná tún ké, ó ń wá ẹni tó ti ń pè é. Sànní kò pè é mọ́.