Tábìlì Tó Lágbára

Kíkẹ́olúwa lọ sí abúlé kan lórí òkè Bwari láti bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ilẹ̀ bá mì. Ìyá Jọkẹ́, àgbàlagbà ọmọ Kàbà kan, ní pápá gbalasa lòun máa sá lọ. Àmọ́ ohun tí fọ́ọ̀mù ìwádìí tí Kíkẹ́olúwa mú wá gbà ni kéèyàn wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, nítorí náà Kíkẹ́olúwa kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá ò mọ̀.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, níbo lò ń gbé?"

"Apo ni, mà. Àjà kẹrin."

"Ṣé tábìlì ibẹ̀ lágbára?"

Kíkẹ́olúwa ronú kan tábìlì rẹ̀. "Oníke ni, mà."

Àánú ṣe ìyá. "Bó bá ti ń mì, máa bọ̀ níbí. Pápá wa gbà ọ́."