Sìlíńdà Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ní ibi tí ọkọ̀ ńlá kan rì sí níwájú ìlú, ẹ̀gbọ́n fi ọkùnrin kan sílẹ̀ sínú òkun, ó sì ní àbúrò òun ló fi í sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ ń kó àlejò lọ mòòkùn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ló ń tukọ̀, àbúrò ló ń ṣáájú àlejò wọ abẹ́ omi. Òfin iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, atukọ̀ á pe olúkúlùkù, olúkúlùkù á sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, "Mo wà." Ẹnìkan kì í dáhùn fún ẹnìkejì. Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò gòkè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nímú, orí ń fọ́ ọ. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "Ṣé wọ́n pé?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n pé." Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun gbé òkú ọkùnrin náà, olùkọ́ kan, wá sí etí iyanrìn. Níwájú àwọn tó ń wádìí, ẹ̀gbọ́n dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Àbúrò mi ló kà wọ́n." Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àbúrò. Bàbá wọn kú láìbi í léèrè bó ṣe jẹ́.

Àbúrò kò kúrò ní èbúté. Ó ní ẹni tó ṣe òun níkà kò gbọdọ̀ jí lójúmọ́ kan láìrí ojú òun. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà àwọn amòòkùn kalẹ̀ sínú àtíbàbà onípáànù kan, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré sí ibi tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Onísìlíńdà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ń ki ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó fẹ́ sára páànù, àbúrò á kì í, á fa ìlà sí i lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò kọjá láàrin wọn. Àwọn ará èbúté máa ń ní bí àwọn méjèèjì bá kú, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n á fi máa kí ara wọn lọ́run.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Onísìlíńdà bí, obìnrin, ló wá lọ ń ṣáájú àlejò nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kan náà. Bàbá rẹ̀ jà, ó halẹ̀, kò rí i dá dúró.

"Bàbá, ìjà yín ni, kì í ṣe tèmi. Òkun ò mọ ẹni tó ń bínú."

"Orí kunkun tó wà lọ́rùn rẹ yìí ò jọ ti ìyá rẹ."

"Ó jọ ti ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Onísìlíńdà ki sìlíńdà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọkọ̀ náà: mẹ́rìnlá fún èèyàn mẹ́rìnlá, ọ̀kan fún àfikún, bóyá èyí kan á jò. Ó fi ọ̀dà fa ìlà méjì sára ti ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí Ọkọ̀ Rírì, níbi tí wọ́n ti ń mòòkùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí Ẹsẹ̀ Àpáta, níbi tí omi kò jìn, tí àwọn àlejò á kàn dojú bolẹ̀ lórí omi pẹ̀lú awò àti ọ̀pá ìmí, wọ́n á máa wo ẹja.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ lọ́sàn-án, ọkọ̀ dé. Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ. Onísìlíńdà bẹ̀rẹ̀ sí kó sìlíńdà wọlé. Mẹ́rìnlá. Ó tún kà. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó ti ṣófo a máa dún bí agogo, èyí tó kún a máa dún kì. Mẹ́tàlá dún bí agogo. Ọ̀kan dún kì: àfikún ni, kò sẹ́ni tó lò ó. Èyí tó ní ìlà méjì lára kò sí níbẹ̀.

Kò mọ ìgbà tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ náà.

"Ọmọ mi dà?"

Ẹ̀gbọ́n ń fi omi ṣan ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn débi pé kò kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni í.

"Ó sùn sábẹ́ tapólì níwájú," ó ní. Ó lọ gbé tapólì. Okùn ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi wà lójú omi. Lórí rédíò, ọ̀gá èbúté ń bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ Àpáta," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ojú mi yìí ni mo fi rí i."

Ọkọ̀ mẹ́fà wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n wá inú ihò òkúta, àwọn ọ̀dọ́ ń mòòkùn títí ara wọn fi ń gbọ̀n. Wọn ò rí ju bàtà ọmọdé kan tó ń léfòó lọ. Onísìlíńdà pe ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Aago márùn-ún kọjá, oòrùn ń wálẹ̀. Ó rántí sìlíńdà tó dún kì, àti ti ọmọ rẹ̀ tí kò bá ọkọ̀ dé. Wọn kì í gbé sìlíńdà wọ omi ní Ẹsẹ̀ Àpáta.

"Ní Ọkọ̀ Rírì, ṣé ó dáhùn?"

"Wọ́n pé."

"Mi ò bi yín bóyá wọ́n pé. Ṣé ọmọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà?"

"Mo ní wọ́n pé."

Ohùn ọjọ́sí gan-an ni. Onísìlíńdà mọ omi tó yí Ọkọ̀ Rírì ká: bí ọ̀sán bá ti yẹ̀, ìṣàn rẹ̀ á dojú kọ agbami. Ẹ̀wù ìléfòó wà lára ọmọ náà, kò ní rì kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ wákàtí tí wọ́n fi í sílẹ̀ kò lè mọ ibi tí omi gbé e dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò sì lè wá agbami já. Àwọn mẹ́fà yìí kò ní kúrò níbi tí atukọ̀ ti ní òun fojú rí i.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ro bí òun ṣe máa gbá ẹ̀gbọ́n òun létí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí pákó ọkọ̀, iwájú orí rẹ̀ kan omi iyọ̀.

"Bọ̀dá mi, ti ọjọ́sí, ẹ gbé e pamọ́. Ẹ gbé e wọ sàréè bó bá wù yín, mi ò ní bi yín mọ́. Ti òní nìkan ni kẹ́ ẹ sọ."

"Dìde, jọ̀ọ́."

"Mi ò dìde."

"Orí kunkun rẹ yìí..."

"Òun náà ni mo fi ń bẹ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n pa ẹ́ńjìn. Ó wo ẹ̀yìn orí àbúrò rẹ̀, funfun ti gbà á tán. Ó mú ẹnu rédíò.

"Ọ̀gá èbúté, ẹ̀yin ọkọ̀ gbogbo. Ẹ kúrò ní Ẹsẹ̀ Àpáta. Mi ò rí i níbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Ọkọ̀ Rírì la fi í sílẹ̀ sí, aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Tọ́ọ̀ṣì àlejò kan bọ́ sómi, ọmọ náà padà lọ gbé e. Òjò ń ṣú, àwọn kan ń bì. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Sìlíńdà ni mo kà, ó pé mẹ́rìnlá. Mo ka àfikún mọ́ ọn."

Ọ̀gá èbúté ní, "A gbọ́. Gbogbo ọkọ̀, ẹ dojú kọ agbami."

Onísìlíńdà ti dìde, ó ti tan ẹ́ńjìn, ojú rẹ̀ wà níwájú. Kò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n kò gbé ẹnu rédíò sílẹ̀.

"Kò tíì tán," ó ní. "Olùkọ́ tó kú lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, bí mo ṣe kà á náà nìyẹn. Àbúrò mi kọ́ ló kà wọ́n. Èmi ni."