Hóró Àgbàdo Ardith

Duane Kessel fi ọwọ́ gbá tábìlì, kọfí sì ta sílẹ̀ nínú ife gbogbo wọn.

"Haugen! Mo ní Haugen, mo tún ní Haugen! Ta ló gbọ́ orúkọ Wexley rí kó tó dé? Ẹ dárúkọ ẹnìkan fún mi."

"Ìyá mi gbọ́ ọ," ni Lowell Brandt wí. "Ibẹ̀ ló ti ń dáná."

"Lowell, mi ò bá ẹ ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ọbẹ̀ ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

Gaylen Tollefson nu kọfí tó dà síwájú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú oṣù Kẹta, ìyókù yìnyín ẹ̀gbẹ́ títì sì ti dúdú bí èédú. Ilé kọfí Connie kún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ ní gbogbo tábìlì: Rolf Haugen tàbí Delmar Pruett. Àwọn méjèèjì ti kú. Àwọn méjèèjì ló ti kọ́ àwọn ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wexley ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ní báyìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti tẹ́ pákó tuntun sílẹ̀ gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì ní àwọn tó ń wo eré ni yóò yan orúkọ tí wọn yóò kọ sára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí eré ìkẹyìn tí wọn yóò gbá nílé lọ́dún náà tó bẹ̀rẹ̀, ìgò ńlá méjì yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti san owó àga rẹ̀ fún ọdún náà yóò gba hóró àgbàdo kan fún àga kan, yóò sì sọ ọ́ sínú ìgò ẹni tó fẹ́. Bí àwọn bàbá wọn ti ń yan olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àrà ní Iowa, ìpínlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní Amẹ́ríkà.

Àga Gaylen jẹ́ méjì.

Duane mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé kọfí ló sì mọ̀. Ardith, ìyàwó rẹ̀, ló san owó àga méjèèjì nínú oṣù Kẹjọ, bó ti máa ń ṣe. Nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ẹ̀rọ ìkórè ṣì ń pariwo nínú gbogbo oko, wọ́n sin ín.

"Gaylen, méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ." Duane rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti lọ yíká ìlú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò fì síbì kan. Bí kálukú ò bá ṣe tiẹ̀, wọ́n á gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Méjèèjì sínú ìgò Haugen, àbí?"

"Ẹ̀yìn Haugen ni mo wà láti ọjọ́ tó ti dé."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́."

"Ìyẹn ni mo dá ẹ lóhùn."

Lowell rẹ́rìn-ín sínú ife rẹ̀. Òun nìkan ni ti Pruett ní tábìlì yẹn, kò sì mọ ọ̀rọ̀ ọ́n jà. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló rí lára Pruett, á ní, "Èèyàn dáadáa ni. Ó wá síbi òkú bàbá mi." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ardith ló mọ̀ ọ́n jà. Láàárọ̀ Sátidé, á fa àga wá sí ìkángun tábìlì àwọn ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti ní kó má jókòó. Nígbà ọmọbìnrin, òun àti Connie jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, láyé ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin Iowa ń gbá a ní mẹ́fà mẹ́fà: àwọn mẹ́ta á máa jù, àwọn mẹ́ta á máa dí, ẹni tó ń dí kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà àárín. Connie ń jù. Ardith ń dí. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi jáde girama, kò ju ẹyọ kan sáwọ̀n rí nínú eré gidi. Síbẹ̀, kò sí ọkùnrin kan nínú ilé kọfí náà tí ojú rẹ̀ rí inú eré bíi tirẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa," ni Duane ń bá lọ. "Ọdún tí yìnyín bo ilé mọ́lẹ̀, ta ló kó àwọn ọmọ àgbẹ̀ lọ pàdé yunifásítì ńlá, tó lù wọ́n níṣojú gbogbo Amẹ́ríkà? Ẹ wá mú Pruett wá síwájú mi. Pruett! Pruett tó jẹ́ pé àwọn ọmọ orí bẹ́ńṣì ló ń kó jáde lọ́jọ́ eré ìkẹyìn!"

Àṣà Pruett ni lóòótọ́. Ọmọ tó bá ti jókòó sórí bẹ́ńṣì látìgbà tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó sì ń jáde lọ́dún náà, òun ni Pruett á fi bẹ̀rẹ̀ eré ìkẹyìn tí wọ́n bá gbá nílé, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ wo ló wá. Á sì fi í sílẹ̀ lórí pákó.

"Ẹ ò rántí Krantz, ọmọ orí bẹ́ńṣì yẹn ni?" Duane dìde dúró. Ó ṣe bí ẹni tí bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a kiri nínú afẹ́fẹ́, ó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. "Eré ti fẹ́ parí, a ti ń na àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ellery, wọ́n kúkú ti ń sunkún. Krantz ní rárá, ẹ má sunkún mọ́! Ó gbé bọ́ọ̀lù fún wọn bí ìgbà téèyàn ń gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tábìlì kejì gan-an rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí Gaylen náà rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró de èsì Ardith, bó ti máa ń dúró dè é, ojú rẹ̀ sì lọ sí ìkángun tábìlì. Ìgò iyọ̀ àti ata ni wọ́n gbé síbẹ̀. Lowell ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ta ló ń dí Lindahl?" ni Gaylen wí.

"Kí lo wí?"

"Lindahl, tó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń ju òkúta sódò. Lójoojúmọ́, níbi ìdánrawò, níbi tẹ́nì kankan ò ti rí wọn, ta ló ń dí i? Krantz ni. Krantz ló ń lé e kiri títí ó fi mọ ibi tó yẹ kó gbà. Ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún Lindahl, ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ Krantz lẹ̀ ń wò. Pruett ní kí ọmọ náà dúró lórí pákó lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìyá ẹ̀ rí i. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ tiyín rí?"

Connie, tó ń bu kọfí fún àwọn tábìlì kejì, dáwọ́ dúró.

Duane rọra jókòó. "Gaylen, ẹ̀yìn ta lo wà gan-an?"

"Ẹ̀yìn Haugen."

"Ẹnu ta wá nìyẹn?"

Gaylen wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní àwọn yóò pàdé ní gbọ̀ngàn.

Nígbà tó délé, ó jókòó sílé ìdáná láìbọ́ kóòtù náà. Bí a ti ń jà, bíi ká kú kọ́: bí òun àti Ardith ti gbé nìyẹn. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn síra wọn. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti parí, tí ọkọ̀ wọn bá ti kúrò nínú ìlú, tó kan ilẹ̀ oko, ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀. Òun á ní Haugen. Ardith á ní, "Haugen tí wọ́n fi owó pè, tó lọ láìdágbére?" Òun á ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè. Ardith á ní ẹni tó mọ ilé ni kì í jẹ́ ìpè. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ á rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà. Gaylen kò mọ orúkọ tí à bá pè é.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àìsàn ti dá Ardith dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, níbi tó ti lè máa wo àká àgbàdo ńlá tí Gaylen fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Gaylen."

"Mo wà ńbí."

"Àwọn ọmọ Haugen ọdún yẹn, wọ́n dára o. Bí wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìwọ lo jàre."

Ohun tí Gaylen ti ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn.

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì le.

"Kí ló dé? Òótọ́ ni."

"Mo ní má sọ bẹ́ẹ̀."

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níbi tí wọ́n to igi sí, kò sì tètè wọlé. Dókítà ti sọ tirẹ̀ ṣáájú, ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi ìdí igi yẹn ló ti gbà pé Ardith ń lọ. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ní í yanjú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó jáde.

Nítorí náà, bó bá sọ hóró méjèèjì sínú ìgò Haugen, kì í ṣe pé ó rẹ́ òkú jẹ. Ardith ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó wúwo láyà rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀. Ó lè borí nínú àríyànjiyàn náà lónìí, kó borí títí láé, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Connie ni wọ́n fi ti àwọn ìgò náà, nítorí pé tọ̀tún tòsì ló gbà á gbọ́. Duane dúró nínú lọ́hùn-ún, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò. Connie ki ọwọ́ bọ inú àpò kékeré kan, ó fi hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ Gaylen.

"Tìẹ nìyí." Ó fi èkejì sí i. "Ti Ardith nìyí."

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ni Gaylen rò nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ọwọ́ dé. Ó sọ tirẹ̀ sínú ìgò Haugen kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ rò. Ó wá dúró. Àwọn èèyàn ń tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Connie."

"Mo ń gbọ́."

"Ó ní mo jàre. Nínú oṣù Kẹsàn-án. Lórí ọ̀rọ̀ Haugen."

Connie gbójú sókè wò ó. "Ardith? Ardith tí kì í sọ bọ́ọ̀lù sí mi kó má bú mi tẹ̀lé e?"

"Ó ní mo jàre."

"Ara ẹ̀ ò yá nígbà yẹn, Gaylen."

"Mo mọ̀."

"Ara ẹ̀ ò yá," ni Connie tún wí, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Gaylen na ọwọ́, ó sọ hóró kejì sínú ìgò Pruett.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì wọlé tán tí Duane fi dì í mú lápá. "O ti ba tìẹ jẹ́! O fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, o wá fi tòsì tú u! O ò bá kúkú jókòó sílé, bákan náà ni!"

"Kì í ṣe bákan náà. Mo dìbò. Ìyàwó mi náà sì dìbò."

Duane fi apá Gaylen sílẹ̀, ó sì fọwọ́ tẹ́ ibi tó ti dì í mú nínú kóòtù náà, kó má baà rún.

Gaylen jókòó sí àga rẹ̀, ó gbé kóòtù sórí àga kejì. Àwọn ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Nígbà ìsinmi, wọ́n gbé ìgò méjèèjì jáde sáàárín pákó. Wọn kò kà wọ́n. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá láti ibi àká, wọ́n wọn àgbàdo inú wọn bí wọ́n ti ń wọn àgbàdo gbogbo, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gba gbohùngbohùn. Pruett ló wúwo jù. Kì í ṣe díẹ̀ ló fi jù ú. Ìbáà jẹ́ hóró kan, ìbáà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́, kì bá tí yí i padà.

Gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Lowell bọ́ fìlà, ó ń nu ojú. Duane ń ṣépè lẹ́yìn. Gaylen kò dìde. Etí rẹ̀ gbóná. Pruett! Ẹni tí kò mú wọn kọjá agbègbè rí, òun ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó, ẹni tó kó ọmọ àgbẹ̀ lọ pàdé yunifásítì ńlá á wá di ẹni ìgbàgbé? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ náà jọ. Bí Ardith bá ní Haugen kò dágbére, òun á ní ṣé ìdágbére la fi ń gba ife ẹ̀yẹ ni? Bó bá mú ọ̀rọ̀ Krantz jáde, òun á ní ẹ̀ẹ̀kan ni ti Krantz, ti ọdún tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ó yíjú sí òsì, ó ti la ẹnu.

Kóòtù rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó ń wò ó. Láti oṣù Kẹwàá, kò sí ohun tó bí i nínú. Páìpù omi bẹ́ nílé, ó wò ó lásán. Yìnyín wó òrùlé ilé màlúù, kò rí ọ̀rọ̀ sọ sí i. Ṣùgbọ́n ní báyìí, inú ń bí i dé ọ̀fun. Ardith ti borí rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, kò sì sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ó dìde, ojú rẹ̀ le, ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ti ń ro ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún Ardith bí ọkọ̀ bá kan ilẹ̀ oko.