Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Nùrúdíìnì

Olúrótìmí ti ń tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà kí Sàrátù tó ní kó dúró ná. Bí wọ́n bá tú u tán, Nùrúdíìnì ọkọ rẹ̀ yóò yadi títí di ọjọ́ kejì.

Kọ̀ǹpútà yìí ni ẹnu Nùrúdíìnì. Iléeṣẹ́ epo kan ní ìlú La Porte lókè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ kí àìsàn tó ń jẹ iṣan run tó kọ lù ú. Àìsàn náà gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Òun ló fi ń tẹ ọ̀rọ̀, tí Sàrátù àti Balqees ọmọ wọn ń kà á lójú kọ̀ǹpútà, nínú ilé wọn ní àdúgbò Mission Bend.

Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀ jáde. Sàrátù gbà pé ẹ̀rọ ló gbó. Olúrótìmí aládùúgbò wọn, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní àwọn lè yọ prosẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, kí àwọn fi Pentium tuntun rọ́pò. Inú Sàrátù dùn nígbà náà. Ní báyìí, ẹ̀rù ń bà á. Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Bí èémí bá há ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, kí ni yóò fi pe òun? Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ti ọkọ òun, ọ̀nà kan náà ló kù.

Olúrótìmí ní kí àwọn kọ́kọ́ wo bó ṣe lọ́ra tó. Ó tan án, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jáde wàrà. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Ó kúrò nídìí ẹ̀rọ náà.

“Ìyá Balqees, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí.”

Sàrátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò jọ pé ó ya ìyẹn lẹ́nu. Ìka rẹ̀ gbéra, ó gbọ̀n, ó rá pálá lọ, kó tó bọ́ sórí lẹ́tà kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Sàrátù máa wo ìka dípò ojú kọ̀ǹpútà. Bí ìka ṣe ń kan lẹ́tà ni lẹ́tà ń yọ. Ìka ló ń falẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.

“Mo mọ̀,” ni Nùrúdíìnì kọ. Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó tẹ̀ lé e: “Mi ò fẹ́ kó o mọ̀.”

Gbogbo ìgbà tí Sàrátù ń bú ẹ̀rọ, tó ń gbá a lórí, ọkọ rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń jẹ́ kó máa bú u.

Sàrátù ní kí Olúrótìmí de nọ́ọ̀tì náà padà. Ó fa àga sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ìka náà tún ti gbéra. Sàrátù fẹ́ bá a parí ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́, ó sì dúró dè é.