Àpótí Oyin Tí Káfíńtà Kùn

Àwọn oyin náà tún ń jáde. Káfíńtà dúró lórí àkàbà lábẹ́ igi ńlá iwájú ilé ìwòsàn, àpótí tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ lẹ́nu ihò tó gbẹ́ fún wọn, tí wọ́n ń fò padà sórí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n wọ́n kúrò. Wọ́n tún so rọ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Ọ̀kan ti ta á létí, etí náà sì ti wú.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀," nọ́ọ̀sì àgbà pè é láti ojú fèrèsé. "Àwọn aláboyún ò rí ọ̀nà wọlé. Mo ti pe ọkùnrin tó ń fín oògùn kòkòrò, ó ń bọ̀."

Ohun tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ni pé kì í ṣe olóyin ló wà lórí àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ ni olóyin. Òun ni gbogbo àdúgbò máa ń pè tẹ́lẹ̀ bí oyin bá bà sí àjà ilé ẹnikẹ́ni, títí iná ìgbẹ́ fi jó gbogbo ilé oyin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá dún, á ní òun ti fẹ̀yìn tì. Á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa wo ìta bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lọ.

Káfíńtà kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú í sọ. Igi ló mọ̀. Ó rọra kan àpótí oyin kan, ó fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn pè láàárọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, káfíńtà yọ́ kó aṣọ olóyin obìnrin náà jáde. Aṣọ náà fún un mọ́ra bí awọ ara. Lọ́kàn rẹ̀, òun á gbé agbo oyin délé bí ẹni gbé ọmọ tuntun délé, ara á sì tu ìyá ilé.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀.

"Wọn ò dúró," ó ní. "Mo gbọ̀n wọ́n sínú àpótí, wọ́n tún jáde."

"Àpótí wo?"

Ó ní wọ́n ti fẹ́ fín wọn lóògùn. Fóònù kú.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi dé, bàtà ilé lẹ́sẹ̀, gèlè rẹ̀ ò tíì wé tán. Kò wo igi rárá. Ó lọ bá àpótí náà, ó ṣí i, ó ki imú bọ̀ ọ́.

"Kí lẹ fi kun inú rẹ̀?"

"Fánííṣì."

"Inú rẹ̀?"

"Kó lè dán."

"Ọ̀gá káfíńtà, ṣé àwọn oyin fẹ́ wo dígí níbẹ̀ ni?"

Àwọn aláboyún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé. Obìnrin náà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, níbi tí pátákó ti pàdé pátákó, kò sì kan orí ìṣó kankan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Òórùn rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ mi kẹ́ ẹ tó fà á ya, kẹ́ ẹ sáré lọ gbé ti àtijọ́ wá."

Ti àtijọ́ ni ọ̀kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ iná, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ti di ohun tí wọ́n ń gbé bákẹ́ẹ̀tì omi lé nílé ìdáná. Káfíńtà ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun là á fi dáná, obìnrin náà kò gbà, kò sì sọ ìdí. Nígbà tó gbé omi kúrò lórí rẹ̀, tó ṣí i, òórùn ìda oyin lù ú nímú. Òórùn yẹn ló máa ń wà nínú irun ìyàwó rẹ̀ láyé ìjọ́hun. Kò mọ̀ pé òun ti gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ọkùnrin tó ń fín oògùn ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ sì ti dínà igi mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ní òun ò bá màmá jà, oyin ń ba òun náà lẹ́rù. Ó lọ jókòó síbi tó jìnnà dáadáa.

Obìnrin náà gun àkàbà, ọkọ rẹ̀ dì í mú. Ó gbọ̀n ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan, gbì, gbogbo wọn já sínú àpótí. Ó dé e. Láìpẹ́, àwọn kan jáde, àyà káfíńtà já. Ṣùgbọ́n wọn ò fò. Wọ́n dúró sẹ́nu ihò, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn, àwọn tó ṣẹ́kù lórí ẹ̀ka sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò wọlé bí ọmọ iléèwé.

"Ìyá wọn ti wà nínú ilé," obìnrin náà ní. "Wọ́n ń pe àwọn yòókù."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn títí oòrùn fi wọ̀, kí àwọn tó lọ jẹ̀ lè padà dé. Ó gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi ra etí ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, bákẹ́ẹ̀tì omi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Káfíńtà wò yíká, ó gbé àpótí tuntun síbẹ̀, ó gbé omi lé e. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó rí i, ẹ̀rín sì gbé e débi tó fi di ògiri mú.

"Ó dán lóòótọ́," ó ní.

Ó ti ń jáde lọ wo àwọn oyin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó yíjú padà. "Tí wọ́n bá gbèrú, wọ́n á pín. Ẹ kan òmíràn fún mi." Ó nàka sí àpótí abẹ́ omi. "Ẹ má kun inú rẹ̀ o."

Káfíńtà nawọ́ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ tí kò wú, ó yọ pẹ́ńsù tó wà níbẹ̀.