Mú Ọwọ́ Kúrò Lórí Míkísà

Ọdún mẹ́sàn-án ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì fi di orí míkísà mú, bí ẹni ń di orí ọmọ mú níwájú onígbàjámọ̀. Míkísà náà wúwo, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tàn án, tí ìkọ́ rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n á gbá orí rẹ̀ mú, àbúrò á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò títí ìyẹ̀fun á fi rọ̀ jọ̀lọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, àbúrò nìkan ló kù nídìí iṣẹ́ búrẹ́dì náà. Àǹtí Kékeré ni gbogbo ẹbí ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Wọn kò tíì sin òkú ju oṣù méjì lọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó jẹ́ tísà, fi wọlé. Ó fẹ́ gbé míkísà ìyá rẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Àǹtí Kékeré, ẹ má bínú o. Ta ni ẹ fẹ́ máa bá dì í mú? Ẹnì kan ò lè dá a dì mú. Tó bá já bọ́, ó parí nìyẹn. Ìyàwó mi ti kọ́ṣẹ́ kéèkì, ó ní sátífíkéètì."

"Ṣé sátífíkéètì ló máa di orí ẹ̀ mú ni?"

Tísà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, Àǹtí. Ẹni tó mọ̀wé ló ń fẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Ọdún kejì rèé tó ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì. Tísà sì mọ̀.

"Búrẹ́dì tí mo fọwọ́ ara mi pò ni wọ́n fi rán ẹ níléèwé," ó ní. "Wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí míkísà yìí bá rìn kúrò lójú kan, gbé e lọ. Bí kò bá rìn, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́."

Bí Tísà ti jáde tán ni Àǹtí kábàámọ̀. Ẹnu ló sáré ju ọkàn lọ. Tábìlì ló kọ́kọ́ fura sí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká sí mẹ́rin, tó fi ti ẹsẹ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra míkísà. Ó fà á yọ, ó fi pákó rọ́pò rẹ̀, ó sì nu ìdọ̀tí ara rẹ̀. Àwòrán míkísà ló wà níwájú rẹ̀: ìwé ìlò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi o!" Ó bú sẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀. Ìwé tó yẹ kó là wọ́n lójú ni wọ́n fi ń ti tábìlì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á. Ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ojú ewé kẹfà ló ti dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì má kọjá ìdajì abọ́, kí wọ́n má sì yí bọ́tìnnì kọjá nọ́ńbà kejì. Ó wo bọ́tìnnì náà. Ó dé nọ́ńbà kẹwàá. Láti ọjọ́ kìíní, àkúnwọ́sílẹ̀ ni wọ́n ń kún abọ́, nọ́ńbà kẹwàá ni wọ́n sì ń yí i sí. "Ṣé torí kó lè máa falẹ̀ la ṣe rà á?" lẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí. "Jẹ́ kó sáré!"

Kò dán an wò. Ó ní bí ìwé bá máa purọ́, kó purọ́ lójú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tísà àti ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ ìbora tí wọ́n fẹ́ fi di míkísà. Àǹtí da ìyẹ̀fun dé ìdajì abọ́, ó fi omi, iyọ̀ àti yíìsì sí i.

"Àǹtí, ó mà kéré," ni ìyàwó wí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó pò ó. Ta ló ń lé mi?"

Ó yí i sí nọ́ńbà kìíní, lẹ́yìn náà sí ìkejì. Míkísà kérora, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Tísà sáré nawọ́ sí orí rẹ̀. Àǹtí gbá ọwọ́ náà dànù.

"Mú ọwọ́ kúrò lórí míkísà mi!"

Òun náà ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìkọ́ ń yí, ìyẹ̀fun ń ṣù jọ, ó ń ká ara rẹ̀ kúrò lára abọ́. Míkísà jókòó sójú kan bí ìyálé.

"Ta ló sọ fún yín?" ni Tísà bi í.

Ó na ìwé náà sí i, èyí tí ẹsẹ̀ tábìlì ti tẹ̀ kòtò sí lára. "Ojú ewé kẹfà. Kà á sókè, kí n mọ̀ bóyá o mọ̀wé."

Tísà kà á. Nígbà tó fo ìlà kan, Àǹtí ní kó padà. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ ìbora bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi níwèé yẹn."

"Kò ní jáde nílé yìí. Jókòó kà á níbí. Má sì pè mí ní Kékeré mọ́."

Àǹtí kó ti àkọ́kọ́ kúrò, ó da ìyẹ̀fun kejì sínú abọ́, ó yí i sí nọ́ńbà kejì, ó tún ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ti sinmi. Ẹnu ló kù. Ó sún mọ́ ìyàwó Tísà.

"Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ohun tí télọ̀ òdìkejì wa ṣe?"